Edé Kan, Ìsà Kan: Ọdún Méjì Mi Lórí Ẹrẹ̀ Òkun Jàpáánù

Láti ìgbà tí mo ti ti Jàpáánù dé, ìbéèrè mẹ́ta ni àwọn ará ilé máa ń bi mí. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń jẹ ẹja ní tútù? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ròyìn eré ọkọ̀ ojú irin wọn náà ló rí? Kí sì ni mo mú bọ̀ fún wọn? Mo máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìkíní, mo máa ń bu ìkejì kù díẹ̀, ẹ̀rín ni mo sì fi ń dáhùn ìkẹta. Kò sí ẹni tó bi mí rí nípa ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ ló gbé mi débẹ̀, orí ẹrẹ̀ náà ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú àsìkò mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹrẹ̀ fún yín.

Mo kúrò nílé

Orúkọ mi ni Rìsíkátù. Nítòsí Ọjà Tuntun ní Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ní agboolé àwọn àfáà. Bàbá mi kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú títí ó fi kú. Èmi yà sídìí ìwé, mo di ẹni tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nípa àwọn ẹranko inú omi. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọdún 1990 wọlé, mo rí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ gbà láti lọ kọ́ nípa irú edé kan tó máa ń gbẹ́ ìsà sínú ẹrẹ̀ etí òkun.

Ọkọ mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ni. Mo kó ẹrù wa kúrò nínú ilé tí a háyà ní àdúgbò Basin, mo sì padà sí agboolé wa pẹ̀lú Àsímáwù ọmọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Àsìkò Sáàpù ni, nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun sọ náírà di yẹpẹrẹ, owó oṣù olùkọ́ kò gbọ́ bùkátà kankan mọ́. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò náà fún ìyá mi, ó ń gé wàrà sínú àwo. Ó gé e tán kó tó gbójú sókè.

"Ṣé wọ́n ní o lè mú ọmọ dání?"

"Wọn ò gbà, Ìyá."

"Ṣé àwọn mùsùlùmí wà níbẹ̀?"

"Bóyá díẹ̀."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. "Máa lọ. Ọmọ kì í sọnù nílé ìyá tó bí ìyá ẹ̀."

Lọ́jọ́ tí mo máa lọ, wọn ò jẹ́ kí Àsímáwù rí mi. Wọ́n gbé e lọ sí agboolé kejì, wọ́n fi mọ́sà sí i lọ́wọ́, kó má baà sunkún tẹ̀lé mi. Gbogbo wa rò pé ohun tó dáa jù nìyẹn.

Ìlú tí wọn kì í kí èèyàn lójú ọ̀nà

Ìlú kékeré kan ni, ní apá gúúsù ilẹ̀ wọn, létí ibi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀. Nígbà tí omi bá kún, á máa lu ògiri èbúté. Nígbà tó bá fà, á fà lọ títí ojú ò ní rí i mọ́. Ohun tó máa ṣẹ́ kù ni ẹrẹ̀ eléérú tó ń dán, láti ìsàlẹ̀ ògiri títí dé ibi tí sánmọ̀ ti kanlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi náà ń lọ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó ti fà lọ. Mo dúró lójú fèrèsé yàrá mi nínú òtútù, mo ń wá òkun tí wọ́n ní mo wá bá.

Ní Ìlọrin, tí o bá rìn láti ilé dé ẹnu ọjà láìkí èèyàn, kí wọ́n tó parí ìrun Àṣárì, wọ́n á ti wá bi ìyá rẹ pé kí ló ń ṣe ọ́. Níbẹ̀, àwọn tó mọra wọn á tẹrí ba fúnra wọn, ìtẹríba tó gùn tó sì dára, inú mi sì ń dùn láti wò ó nítorí pé ọmọ ilé tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò bá mọ̀, ojú wọn máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Nínú ọkọ̀ ojú irin, àwọn èèyàn á dúró, àyè ẹ̀gbẹ́ mi á sì ṣófo títí a ó fi dé. Kì í ṣe ìwà ìkà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rù ni, pé bí mo bá bi wọ́n ní nǹkan, wọn ò ní mọ èdè tí wọ́n á fi dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo bi bàbá àgbàlagbà kan lọ́nà ilé ìfìwéránṣẹ́. Kò nàka. Ó yípadà kúrò níbi tó ń lọ, ó fi agboòrùn rẹ̀ bò mí lórí, òjò ń rọ̀ sí i léjìká, ó sìn mí débẹ̀. Ó tẹrí ba, ó lọ. Kò bèèrè orúkọ mi, kò bèèrè ibi tí mo ti wá. Mo ronú nípa ọkùnrin yẹn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Ẹni tó ṣe ọ́ lóore báyìí nílé wa, kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń lọ, á ti di àbúrò bàbá rẹ.

Oúnjẹ àti kásẹ́ẹ̀tì

Òótọ́ ni pé wọ́n ń jẹ ẹja ní tútù. Èmi náà jẹ ẹ́. Ó rọ̀, kò sì ní òórùn kankan, àmọ́ ata ni kò sí. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni ẹlẹ́dẹ̀, nítorí ó máa ń fara pamọ́ sínú ọbẹ̀ tí èèyàn ò fura sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìrẹsì funfun àti ẹyin sísè ni mo fi ń gbéra. Bàbá mi ti kọ́ wa pé, ní ojú ọ̀nà Màálíkì tí à ń tọ̀, ohun tó bá ń gbé inú òkun kò ní hàráámù, nítorí náà ọ̀dọ̀ òkun ni mo sá sí. Mòrí, akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ láàárín àwa tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń kọ́ ní yunifásítì ibẹ̀, rí i pé mò ń wá ata kiri. Ó ra ìgò ata gígún kan fún mi, ìgò tí kò ju ti oògùn ojú lọ. Mo jẹ ẹ́ tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó wo ìgò òfìfo náà, ó wò mí, ó sì lọ ra òmíràn.

Ìyá mi kò mọ̀wé kọ, tẹlifóònù kò sì sí lágboolé wa. Kásẹ́ẹ̀tì ni a fi ń gbọ́ ohùn ara wa. Àbúrò mi á gbé rédíò sí àárín ilé, á tẹ̀ ẹ́, oníkálukú á sọ tẹnu rẹ̀, èmi náà á sì sọ tèmi sínú kásẹ́ẹ̀tì láti yàrá mi, tí n ó fi ránṣẹ́ padà. Nínú èyí tó kọ́kọ́ dé, ìyá mi ṣàdúà títí, ewúrẹ́ ń ké, àwọn ọmọ kéwú ń kà lẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọmọ mi. "Ìyá mi dà? Ìyá mi dà?" Ẹkún ló fi ń sọ ọ́. Mo da kásẹ́ẹ̀tì náà padà, mo tún un gbọ́. Ẹni tó ń gbé yàrá kejì kan ògiri jẹ́jẹ́, mo sì pa kásẹ́ẹ̀tì náà.

Nínú ìkejì, kò sunkún mọ́. Orin iléèwé ni wọ́n ní kó kọ fún mi, ó sì kọ ọ́ já geere. Inú mi dùn. Mo rò pé ara rẹ̀ ti balẹ̀.

Kíyò

Nígbà tí òtútù lọ, ọ̀jọ̀gbọ́n wa kó wa lọ sórí ẹrẹ̀. Ẹ má rò ó bí ẹrẹ̀ ìgbà òjò tiwa. Ó tutù, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná tó ń gbìyànjú láti dì, ó sì jìn. Mo gbẹ́sẹ̀ kan, mo gbé ìkejì, ẹ̀ẹ̀kẹta ni bàtà ròbà mi dúró sínú ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi sì jáde kúrò nínú rẹ̀. Mo ṣubú. Mo fọwọ́ ti ilẹ̀, ọwọ́ náà wọlé títí dé ìgúnpá.

Ẹ̀rín bẹ́ lẹ́yìn mi. Àwọn obìnrin ará etí òkun ni, tí wọ́n wá pa edé. Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹnikẹ́ni ò tíì fi mí rẹ́rìn-ín. Àpọ́nlé wọn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn, arúgbó kúkurú kan tó fi aṣọ de orí, fi eékún kan gun pátákó tó ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kejì wa á dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì fà mí sórí rẹ̀ bí ẹni fa àpò iṣu. Orúkọ rẹ̀ ni Kíyò. Gbogbo èèyàn ń pè é ní Obásàn, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin àgbà nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé ẹnì kan ń sọ Yorùbá pé ọba sàn, mo sì bojú wẹ̀yìn.

Kíyò ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa edé náà. Èèyàn á fi ọkọ́ ha ojú ẹrẹ̀ kúrò, ihò á sì yọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ojú asẹ́. Á wá ki búrọ́ọ̀ṣì ìkọ̀wé bọ inú ihò, ọ̀kan fún ihò kan, á sì dúró. Edé tó wà nísàlẹ̀ rò pé edé mìíràn ló fẹ́ gba ilé mọ́ òun lọ́wọ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ti búrọ́ọ̀ṣì náà bọ̀ lókè, díẹ̀díẹ̀, títí ọmọga rẹ̀ á fi yọ lẹ́nu ihò. Ibẹ̀ ni wàá ti gbá a mú. Tí o bá kánjú, ó lọ nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa náà mọ̀ ọ́n pa dáadáa, òun àti Kíyò sì máa ń dìje, wọ́n á máa bú ara wọn lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tí àkókò ìrun tó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mi ò ní ibi gbígbẹ. Mo kọjú sí ibi tí mo ti ṣírò pé Mẹ́kà wà, mo gbé iwájú orí lé ẹrẹ̀. Nígbà tí mo sálámà, àwọn obìnrin náà ti kẹ̀yìn sí mi, bí ẹni tó ń ṣọ́nà fún ẹlòmíràn. Ní ìgbà mìíràn tí a jọ lọ, nígbà tí Kíyò rí i pé mo dìde láti kírun, ó tẹ́ aṣọ ìnura rẹ̀ sórí pátákó, ó sì rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Inú ìsà

Iṣẹ́ tèmi kì í ṣe pípa edé. Ilé rẹ̀ ni mo wá wò. A máa ń po irú ike olómi kan, a ó dà á sínú ihò títí yóò fi kún, a ó sì fi í sílẹ̀ kó gan. Nígbà tí omi bá tún fà, a ó wa ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ohun tí a ó yọ jáde á sì jẹ́ àwòrán inú ìsà náà gẹ́lẹ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ yọ rí bí igi rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń ta ẹyẹ: ẹ̀ka méjì lókè, ìyẹn ẹnu ọ̀nà méjèèjì, àti ìdí kan tó lọ tààrà sísàlẹ̀. Ìdí náà gùn jù mí lọ. Edé tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ ló gbẹ́ ẹ, ó sì fi ẹrẹ̀ kíkúnná rẹ́ ògiri rẹ̀ títí ó fi ń dán.

Mo wa ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú rẹ̀ láàárín ọdún méjì. Àwọn ìsà náà súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á rò pé ìlú kan ni wọ́n wà. Síbẹ̀ mi ò rí ọ̀kan tó já sí èkejì. Edé kan ló wà nínú ìsà kan. Òun ló ń fẹ́ omi wọlé fún ara rẹ̀, òun ló ń tún ògiri rẹ̀ ṣe, kì í sì í jáde bí nǹkan ò bá lé e. Mo kọ gbogbo èyí sínú iṣẹ́ mi bó ṣe yẹ kí onímọ̀ kọ ọ́. Tí mo bá ti parí, mo máa ń jókòó sí yàrá mi, tí mo ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ọ̀tún, tí mo ń gbọ́ ikọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri òsì. N kò mọ orúkọ ìkankan nínú wọn.

Ilé kan ṣoṣo tí mo ń wọ̀ ni ti Kíyò. Òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Ó máa ń fi edé náà sínú ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà, ó sì mọ̀ pé kò gbọdọ̀ fi ọtí sí tèmi. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ pé kíkí méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹni tó bá ń wọ ilé ara rẹ̀ á ní, "Tàdàímà," ìyẹn ni pé, mo ti dé. Ẹni tó wá sílé onílé á ní, "Ojámà ṣìmásù," ìyẹn ni pé, mo wá yọ yín lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo ti gbọ́ èdè wọn díẹ̀, bí a ti ń jẹun, ó bi mí bóyá mo bímọ. Mo sọ fún un.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀?"

"Ìyá mi ni."

"Ṣé ó ṣì mọ̀ ẹ́?"

"Ó mọ̀ mí," ni mo wí. Ó bu ọbẹ̀ kún tèmi.

Ọmọ Kíyò dé

Lọ́dún kejì, nígbà ooru, nígbà tí gbogbo èèyàn ń lọ sílé láti ṣe ìrántí àwọn òkú wọn, Kíyò ní kí n wá bá òun gé ewébẹ̀, nítorí ọmọ òun ọkùnrin ń bọ̀ láti Tókíyò. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Láti kékeré ni wọ́n ti mú un lọ síṣẹ́ ilé-ẹ̀rọ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mú àwọn ọmọ tálákà lọ láyé ìgbà náà. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún báyìí. Láti òwúrọ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń dáná. Ó wọ aṣọ tí mi ò rí lára rẹ̀ rí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin tó wọ kóòtù kan dúró níbẹ̀, ó gbé páálí àkàrà òyìnbó dání. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tẹrí ba dáadáa.

"Ojámà ṣìmásù," ló wí.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Kíyò. Ìṣẹ́jú kan kọ́, ó kéré sí bẹ́ẹ̀. Ó sì tẹ̀síwájú, ó ń gé ewébẹ̀, ó dá a lóhùn láti ilé ìdáná pé kó wọlé, kó má wo ìdọ̀tí ilé. Ọmọ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó yin gbogbo oúnjẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúpẹ́ kó tó jẹun, ó dúpẹ́ lẹ́yìn tó jẹun. Ó bi mí nípa Áfíríkà. Ṣùgbọ́n kò dìde lọ bu omi fúnra rẹ̀, ó dúró kí wọ́n fún un. Ó sùn síbẹ̀ mọ́jú, ó sì lọ.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ Kíyò, ó ń fọ àwọn àwo. Mo bá a nù wọ́n. Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Kì í gbàgbé láti wá."

Kò pẹ́ sí i ni kásẹ́ẹ̀tì mìíràn dé láti Ìlọrin. Mo gbọ́ ohùn àbúrò mi: "Àsímáwù, kí ìyá ẹ." Mo gbọ́ tí ọmọ náà bèèrè nǹkan kan lábẹ́ ohùn. Ó wá sún mọ́ rédíò, ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, ohùn ọmọ tí a tọ́ dáadáa:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ kú àlááfíà mà. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

Ní òpin ọdún náà, ọ̀jọ̀gbọ́n wa pè mí, ó po tíì fún mi. Ó ní wọ́n ti gbà láti fún mi ní ọdún mẹ́ta sí i, kí n fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ó ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìsọ fún mi, ìdùnnú hàn lójú rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo sọ fún un pé mò ń lọ sílé. Ó yí ife tíì rẹ̀ po lọ́wọ́ títí.

"Àwọn ìsà apá àríwá kò tíì parí," ló wí.

"Mo mọ̀, sà."

"Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é."

Ó dìde, ó tẹrí ba fún mi, ìtẹríba tó gùn ju èyí tó yẹ kí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, ojú sì tì mí.

Kíyò sìn mí dé ibùdókọ̀ ojú irin. Mo bi í bóyá ó rò pé mo ti pẹ́ jù. Ó ní, "O ò lè mọ̀ títí wàá fi débẹ̀." Kò dì mọ́ mi, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ṣí. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ti tẹrí ba, kò sì tíì gbórí sókè nígbà tí ọkọ̀ ya kọ́nà.

Ìlọrin

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ agboolé wa. Ariwo ta. Àwọn èèyàn gbà mí lẹ́rù, wọ́n ń fọwọ́ kan ojú mi, wọ́n ní mo ti rù. Ìyá mi jókòó sórí ẹní, kò lè dìde nítorí omi ojú. Ọmọbìnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jọ ti bàbá rẹ̀. Ó bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Ẹ káàbọ̀ mà."

"Àsímáwù, ìyá ẹ nìyí," ni ìyá mi wí. "Ìyá tó bí ẹ."

Ó wò mí dáadáa. "Àǹtí inú kásẹ́ẹ̀tì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní bàtà tí mo rà bọ̀ fún un, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì gbé e lọ han ìyá mi, tó ń pè ní Ìyá. Bàtà náà kò wọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn túká, ó padà wá síwájú mi, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ìgbà wo lẹ máa padà, mà?"

"Mi ò lọ mọ́."

Ó ronú lé e lórí. Ó sáré lọ bá ìyá mi, mo sì gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ fún un: "Wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́ o, Ìyá. Níbo ni wọ́n máa wá sùn?" Nítorí òun àti ìyá mi ló jọ ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tó wà. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi sí yàrá bàbá mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ní èmi ni n ó sìn ín lọ síléèwé. Kò kọ̀. Ó jẹ́ kí n gbé báàgì òun. Ṣùgbọ́n bí mo bá yára, á yára, bí mo bá rọra, á rọra, títí mo fi mọ̀ pé ó fẹ́ kí àyè díẹ̀ wà láàárín wa. Lẹ́nu géètì, ọmọ kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì wò mí láti òkè délẹ̀, ó bi í pé ta nìyẹn.

"Àlejò wa ni," Àsímáwù wí. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà kankan.

Mo gbé báàgì fún un, ó dúpẹ́, ó wọlé.

Iṣẹ́ mi ń dúró dè mí ní yunifásítì, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì máa ń sọ pé ó yẹ kí n tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀. Mo sọ fún wọn pé n ó máa pẹ́ díẹ̀. Ó ti di ọdún díẹ̀ báyìí. Nígbà tí wọ́n bá bi Àsímáwù níta, á ní ìyá òun ni mí. Nínú ilé, Àǹtí ló ṣì ń pè mí. Àràárọ̀ ni mo ń sìn ín lọ, mo máa ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, bó ṣe fẹ́ ẹ.